Bí a ṣe ń dá iṣẹ́ ìgbàlejò bàálù àdáni sílẹ̀ ní Àbújá

Nígbà tí bàálù àdáni bá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe ní Àbújá, ohun tí ẹni tó dúró lókèèrè máa ń rí kò ju pé ọ̀gá kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ jíìpù, ó sì lọ. Àwa tí a ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ pé kí ilẹ̀kùn jíìpù yẹn tó ṣí, ẹnì kan ti fi ọwọ́ júwe ibi tí awakọ̀ yóò gbé bàálù dúró sí, ẹnì kan ti fi wẹ́jì há táyà rẹ̀, ẹnì kan ti bá àwọn aṣọ́bodè sọ̀rọ̀ tán, ẹnì kan sì ń dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ láti béèrè iye epo tí wọn yóò rà. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó gbogbo èyí pọ̀ ni mo ń pè ní ilé-iṣẹ́ ìgbàlejò bàálù. FBO ni wọ́n ń pè é káàkiri àgbáyé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni orúkọ náà ti jáde wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn awakọ̀ òfuurufú ibẹ̀ ń fi bàálù àlòkù ogun kiri láti ìlú dé ìlú, wọn a balẹ̀ sí pápá màlúù, wọn a gbé ará abúlé fò fún owó díẹ̀, wọn a sì tún gbéra. Nígbà tí òfin ìrìnnà òfuurufú wọn jáde ní ọdún 1926, tó sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀ àti fún bàálù fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ìrìnkiri sílẹ̀, wọ́n jókòó sí ojú kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ta epo, wọ́n ń ṣe àtúnṣe, wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní wíwa bàálù. Oníṣẹ́ tó jókòó sójú kan ni ìtumọ̀ orúkọ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ bàálù ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, èyí tó ti wà láti ọdún 1964, àti àwọn tó jáde ní ti Ìlọrin, máa ń wá bá mi pé àwọn náà fẹ́ dá irú ilé-iṣẹ́ báyìí sílẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn máa ń jẹ́ iye tí hángà, ìyẹn ilé tí a ń kó bàálù sí, ń náni. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti gbé ọmọ lé ẹ̀yìn kí ó tó wá ọ̀já. Ọ̀nà tí èmi rò pé ó bójú mu ni mo tò sísàlẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pinnu ohun tí ẹ kò ní ṣe

Iṣẹ́ tó yí bàálù àdáni ká pọ̀. Ìgbàlejò fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, títa epo wà níbẹ̀, ààyè hángà, àtúnṣe ẹ́ńjìnnì àti ara bàálù, fífi bàálù ṣe háyà, àti ẹ̀kọ́ wíwa bàálù. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ilé-iṣẹ́ kan lè ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní pápá kékeré kan. Níhìn-ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ewu tirẹ̀ àti owó ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbàlejò nìkan, kí ẹ sì bá ẹni tó ń ta epo àti ẹni tó ní àṣẹ àtúnṣe kọ àdéhùn, kí oníbàárà yín lè rí ohun gbogbo gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ni ohun gbogbo.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ṣíṣe agbódegbà háyà. Oníbàárà yóò pè yín ní alẹ́ pé kí ẹ bá òun wá bàálù tí yóò gbé òun lọ sí Sókótó láàárọ̀, ẹ óò sì rántí pé bàálù Alhaji kan wà lórí épírọ̀n, ìyẹn ojúde tí bàálù ń dúró sí, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá láìṣe nǹkan kan. Bí ìwé tí Alhaji ní bá jẹ́ PNCF, ìyẹn ìwé àṣẹ ìrìn-àjò tí kì í ṣe ti òwò, kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti gbé e. Ẹni tó bá ní ìwé AOC, ìyẹn ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ tó ń fi bàálù ṣòwò, nìkan ni òfin gbà láyè láti fi bàálù pawó. Ní ọdún 2024, àjọ NCAA, tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, gba ìwé PNCF lọ́wọ́ àwọn kan fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, nítorí náà kí ẹ tó so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè ìwé kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé

Ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí ẹ gba nọ́ńbà owó orí, kí ẹ sì ka òfin fúnra yín kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ ọ̀gá kan lókè. Òfin tó dúró lé orí ọ̀rọ̀ náà ni Òfin Ìrìnnà Òfuurufú ti ọdún 2022, lábẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ìlànà tí NCAA ń pè ní Nig.CARs wà. Apá 18 ìlànà náà ló dá lórí ètò ọrọ̀ ajé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ran bàálù lọ́wọ́ wà. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti ṣe àtúnṣe bàálù lọ́jọ́ iwájú, Apá 6 ni kí ẹ kà, kí ẹ sì mọ̀ pé ìpele márùn-ún ni wọn yóò mú yín gbà: ìjíròrò àkọ́kọ́, ìwé ìbéèrè gangan, àyẹ̀wò ìwé, àyẹ̀wò ojú iṣẹ́, kí ìwé ẹ̀rí tó jáde. Ìpele kẹta ló máa ń pẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ẹ da ìwé ìlànà ẹlòmíràn kọ. Mo ti rí ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ní àríwá Nàìjíríà, tí orí odidi kan nínú rẹ̀ ń ṣàlàyé bí a ṣe ń fọ yìnyín kúrò lára ìyẹ́ bàálù.

Àjọ FAAN ló ni ilẹ̀ pápákọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ óò ti gba ààyè ọ́fíìsì àti àṣẹ láti dé orí épírọ̀n. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba káàdì tí gbogbo wa ń pè ní ODC, ẹni tó bá sì máa wa ọkọ̀ nínú pápá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti inú pápá, láìka iye ọdún tó ti ń wakọ̀ ní ìgboro sí. Ẹ má fi ìbéèrè káàdì falẹ̀, nítorí àwọn agbófinró yóò yẹ ìtàn ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ wò, èyí kì í sì í yá. Ètò adójútòfò ni ohun ìkẹyìn tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ níhìn-ín. Bàálù kékeré kan tó ń bẹ níwájú ọ́fíìsì yín lè níye lórí ju gbogbo ohun tí ẹ̀yin àti ìdílé yín ní lọ, nítorí náà kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ alágbàtà yín ní pàtó bóyá ìwé náà dáàbò bo bàálù oníbàárà nígbà tí ó wà lọ́wọ́ yín, àti nígbà tí ẹ bá ń fà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ pápá yín

Àbújá dára fún iṣẹ́ yìí nítorí ibẹ̀ ni ìjọba wà. Àwọn gómìnà, àwọn oníṣòwò àti àwọn àlejò láti òkèèrè ń wọlé wọ́n ń jáde, iṣẹ́ sì máa ń pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú àti ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí ọdún 2017. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni bàálù ń sáré lé níbẹ̀, ó gùn tó nǹkan bí 3,600 mítà. Nígbà tí ó bàjẹ́ débi pé kò ṣe é dì mọ́, ìjọba ti pápá náà láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún yẹn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo ìrìn-àjò sì di ti Kàdúná. Ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ ní táyà, tí a lè so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, kó lọ sí Kàdúná ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti rì gbogbo owó rẹ̀ sínú ilé àti sìmẹ́ńtì jókòó síbẹ̀ ó ń wo ògiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé hángà kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní ẹni tí ẹ lè pè ní Kàdúná, ní Kánò, ní Mínà àti ní Ìlọrin, kí bàálù tí ojú ọjọ́ lé kúrò ní Àbújá lè bá ojúlùmọ̀ yín níbi tó bá gbà lọ. Kánò ti ń gba bàálù lálejò láti ọdún 1925, nígbà tí àwọn ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti Káírò fò wá, nítorí náà ọwọ́ wọn ti mọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Jọ́ọ̀sì yàtọ̀. Pápá wọn ga ju 1,200 mítà lọ sókè ìtẹ́jú òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, bàálù tó sì gbéra pẹ̀lú ẹrù kíkún ní Àbújá lè nílò láti dín epo tàbí ẹrù kù kí ó tó lè gbéra níbẹ̀ lọ́sàn-án. Awakọ̀ ni yóò ṣe ìṣirò náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ kò ní bínú nígbà tí ó bá ra epo díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Irinṣẹ́ àti ọwọ́ tó ń lò ó

Ohun tí ẹ nílò láti bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ènìyàn ṣe ń rò. Ẹ nílò ọkọ̀ kékeré kan tó lè fa bàálù, ọ̀pá ìfà tó bá irú bàálù tí ẹ ń retí mu, ẹ̀rọ tó ń fún bàálù níná nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú, wẹ́jì tó pọ̀, kóònù pupa, ẹ̀rọ apaná, ohun ìdí-etí àti aṣọ tó ń tàn nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ bàálù àdáni ń lo iná 28 fóltì. Bàálù ńlá ń lo irú mìíràn, nítorí náà ẹ wo irú àwọn tó ń bà níbẹ̀ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ iná, kí ẹ má baà ra ohun tí yóò máa gba oòrùn.

Ọ̀pá ìfà ni kí n sọ̀rọ̀ lé díẹ̀, nítorí ó ná ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ rí lówó tí kò kéré. Ní ẹnu ọ̀pá náà, pín-ìn kékeré kan wà tí wọ́n dìídì ṣe kí ó lè já. Bí ẹni tó ń fa bàálù bá yí i ju ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ iwájú bàálù lè gbà lọ, pín-ìn yóò já kí ẹsẹ̀ má baà kán. Lọ́jọ́ kan, pín-ìn yìí já mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, òjò sì ń ṣú bọ̀. Kò sí pín-ìn mìíràn nínú àpótí. Ó wá bóòtù irin kan tó ṣe rẹ́gí, ó fi sí i, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Bí ó ti yí bàálù wọ àárín àwọn méjì tó wà níbẹ̀, a gbọ́ ìró kan tí kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ igi gbígbẹ lọ. Bóòtù náà kò já. Ohun tó fọ́ wà lára ẹsẹ̀ iwájú bàálù náà, a sì fi oṣù pípẹ́ san án. Láti ọjọ́ náà, pín-ìn mẹ́fà ló máa ń wà nínú àpótí mi fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń kà wọ́n ní àárọ̀ Mọ́ńdè.

Nígbà tí ẹ bá ń fa bàálù, kí ẹnì kan máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ìyẹ́ ọ̀tún, kí ẹnì kan máa rìn ní ti òsì, kí ẹni tó ń wakọ̀ sì dúró lójú ẹsẹ̀ bí kò bá rí ọ̀kan nínú wọn mọ́. Kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìfà náà wo àmì pupa tó wà lára ẹsẹ̀ iwájú bàálù, òun ló ń sọ ibi tí a lè yí i dé. Ẹ kọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó fọwọ́ sí i. Ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní IS-BAH, tí ó jáde ní ọdún 2014 fún irú ilé-iṣẹ́ yìí. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ tíì lówó láti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ẹ lè fi í ṣe òṣùwọ̀n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí a ṣe ń gba iṣẹ́

Iṣẹ́ máa ń wọlé nípasẹ̀ ímeèlì tàbí WhatsApp, ó sì lè jẹ́ ìlà méjì péré. Kí ẹ tó dáhùn pé ẹ ti gbọ́, ẹ rí i dájú pé ẹ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ bàálù, irú rẹ̀, ìwọ̀n tó wúwo jù tó lè fi gbéra, ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, iye àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ àti iye èrò, àti orúkọ ẹni tí yóò sanwó. Bí nọ́ńbà náà kò bá fi 5N bẹ̀rẹ̀, bàálù ilẹ̀ òkèèrè ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà àṣẹ ìbalẹ̀ rẹ̀ kí ó tó gbéra lọ́hùn-ún.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. Gbogbo ayé bàálù ń lo aago kan, lẹ́tà Z ni wọ́n sì máa ń fi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Aago tiwa níwájú rẹ̀ ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá kọ 1400Z, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ní Àbújá. Ẹ kọ méjèèjì sára pátákó, kí ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ro ó lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́

Ẹ yẹ ojú ibi tí bàálù yóò dúró sí wò fún òkúta, ọ̀rá àti wáyà, nítorí ẹ́ńjìnnì yóò fà wọ́n mọ́ra. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà gbọ́dọ̀ dúró níbi tí awakọ̀ lè rí i, bí awakọ̀ kò bá sì rí i mọ́, kí awakọ̀ dúró. Nígbà tí bàálù bá dúró tán, ẹ má sún mọ́ ọn títí iná pupa tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ yóò fi kú. Wẹ́jì ló kọ́kọ́ ń wọlé, kóònù ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ẹ lè lọ sí ìdí ilẹ̀kùn.

Ẹ kí àlejò bó ṣe yẹ. Ní Àbújá, ẹ óò gbọ́ ranka ya daɗe ní ìgbà ogún lójúmọ́, kò sì burú kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n wí. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tiwa. Mo rí ọmọkùnrin kan tí bàbá àgbà kan láti ìlú wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù lọ́jọ́ kan. Inú rẹ̀ dùn, ó sáré síwájú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì ń yí. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló pariwo pé, "Dìde kúrò níbẹ̀, ọmọ mi, ilé la ti ń dọ̀bálẹ̀!" Ìkíni níbi iṣẹ́ wa ò gbọdọ̀ ju kí a tẹ orí ba lọ.

Bí bàálù bá ti òkèèrè wá, kí ẹ ti sọ fún àwọn aṣọ́bodè, àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de, NDLEA àti àwọn elétò ìlera ibodè ṣáájú. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹrù kankan wọ jíìpù kí wọ́n tó rí i, bó ti wù kí onítọ̀hún ga tó. Ẹni tó bá bínú sí yín lónìí yóò tún pè yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba káàdì lọ́wọ́ yín, kò sí ẹni tí yóò pè yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Epo

Ẹ lè má ta epo fúnra yín, ṣùgbọ́n orúkọ yín ni oníbàárà yóò pè bí epo bá burú, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ń wò. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé epo bàálù tí wọ́n ń pè ní Jet A1 láti Èkó wá sí àríwá, ojú ọ̀nà sì jìn, omi àti ìdọ̀tí lè bá a wọlé níbi púpọ̀. Ẹ dúró ti ẹni tó ń tà á nígbà tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìdájí, kí táńkà epo tó ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ń ta epo yóò ṣí ẹnu kékeré tó wà ní ìdí táńkà, yóò sì gbọn epo tó tó lítà kan sínú ìgò funfun tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò. Yóò da ọwọ́ yí ìgò náà kí epo inú rẹ̀ máa yí bíríbírí, nítorí bí omi tàbí iyanrìn bá wà níbẹ̀, àárín ìdí ìgò ni yóò kó jọ sí. Epo tó dára mọ́ gaara, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ kò ju ti koríko gbígbẹ lọ. Lẹ́yìn èyí, yóò fi abẹ́rẹ́ oníke fa díẹ̀ nínú epo náà gba inú kápúsù kékeré kan tí ìwé inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Bí ìwé náà bá di àwọ̀ ewé, omi wà nínú epo náà bí ojú kò tilẹ̀ rí i, kò sì gbọdọ̀ wọ bàálù kankan. Ẹ kọ àkókò àti àbájáde sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú ìgò náà títí ọjọ́ yóò fi rọ̀.

Kí a tó gbé okùn epo, a ó kọ́kọ́ so wáyà láàárín táńkà àti bàálù, kí iná tó ń jáde nínú ìfarakínra má baà ràn mọ́ epo. Bí ààrá bá ń sán, a ó dúró. Ìjì oṣù Kẹrin ní Àbújá kì í kìlọ̀ pẹ́, ẹ sì lè gba ìròyìn ojú ọjọ́ lọ́dọ̀ NiMet láàárọ̀ kí ẹ mọ wákàtí tí ẹ óò fi epo sí.

Irú epo gan-an tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Avgas jẹ́ aláwọ̀ búlúù, àmì pupa ni wọ́n ń fi sí i, fún àwọn ẹ́ńjìnnì oní-písítínì. Jet A1 kò ní àwọ̀ búlúù, àmì dúdú ni tirẹ̀. Ẹ má wo abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù kí ẹ fi mọ irú epo tó ń lò, nítorí King Air ní abẹ̀bẹ̀, Jet A1 ló sì ń mu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Diamond kan ní ẹ́ńjìnnì oní-písítínì tó ń lo Jet A1. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu àgbá epo, kí awakọ̀ sì fọwọ́ sí irú epo àti iye rẹ̀.

Ní ti iye, awakọ̀ máa ń fi pọ́ùn béèrè, mítà táńkà sì ń ka lítà. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ó béèrè 4,000 pọ́ùn. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 1,814 kílò. Bí lítà kan bá wọ̀n 0.8 kílò, 2,268 lítà ni. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án oṣù Kẹta, nígbà tí epo bá gbóná, ìwọ̀n rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ sí 0.78, ìye lítà yóò sì di nǹkan bí 2,326. Nítorí náà ẹ béèrè ìwọ̀n epo ọjọ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1983, bàálù Boeing 767 kan ti ilé-iṣẹ́ Air Canada ni epo tán nínú rẹ̀ lókè réré, nítorí pé wọ́n fi 1.77, tó jẹ́ ti pọ́ùn, ṣe ìṣirò níbi tó yẹ kí wọ́n fi 0.8, tó jẹ́ ti kílò. Awakọ̀ gbé e balẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì ní Gimli, kò sì sí ẹni tó kú. Mo ti tẹ ìṣirò náà sára ìwé, mo fi rọ́bà bò ó, ó sì wà lára ògiri ọ́fíìsì wa.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bàálù tó ń sùn

Bàálù kan lè balẹ̀ ní Àbújá kí ó má gbéra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pàápàá nígbà tí ọ̀gá bá ní ìpàdé tí kò tán. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ọyẹ́ yóò da eruku pupa lé e lórí lójoojúmọ́. Ẹ bo ẹnu ẹ́ńjìnnì, ẹ bo àwọn ìhò kéékèèké tó ń wọn ìyára, kí ẹ sì so aṣọ pupa mọ́ ohun ìbò kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀. Bàálù Boeing 757 kan já ní òkun ilẹ̀ Dominican Republic ní oṣù Kejì ọdún 1996, ènìyàn 189 sì kú, lẹ́yìn tó ti dúró fún ọjọ́ púpọ̀, tí kò sì sí ohun tó bo àwọn ihò yìí ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó gbéra. Àwọn olùwádìí kò rí ihò náà gbé jáde, ṣùgbọ́n agbọ́n ni wọ́n fura sí.

Ẹ máa fi omi fọ gíláàsì, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún, nítorí eruku ọyẹ́ yóò ha á. Nígbà òjò, ẹ fi okùn de bàálù kékeré mọ́lẹ̀, kí ẹ sì bu atẹ́gùn táyà wò lójoojúmọ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀ ní ọjọ́ tó dé. Fọ́tò yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí wọ́n ti ní àwa la fi ọkọ̀ kọ lù ú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Owó

FAAN yóò gba owó ìbalẹ̀ àti owó ibùdó, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n bàálù àti bó ti pẹ́ tó, NAMA yóò gba tirẹ̀ lórí ìtọ́sọ́nà nínú òfuurufú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ sanwó wọ̀nyí, ẹ óò sì tún gba padà lọ́wọ́ oníbàárà pẹ̀lú owó iṣẹ́ yín. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti rì. Ẹni tí kò bá tíì jẹ́ oníbàárà yín fún ọdún kan, kí ó fi owó sílẹ̀ ṣáájú kí bàálù tó balẹ̀, kò sì yẹ kí ojú tì yín láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ óò gbà fún ohun kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, kí ẹ má fi owó ìjọba àti owó tiyín pọ̀ mọ́ra, nítorí nígbà tí akọ̀wé owó oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé ìsanwó FAAN àti ti NAMA ni yóò dáhùn fún yín.

Nígbà tí bàálù bá ń lọ, ẹ yọ kóònù, ẹ yọ wẹ́jì kẹ́yìn, kí ẹ kà wọ́n, kí ẹ fi wọ́n han awakọ̀ láti inú fèrèsé rẹ̀. Ẹ wo aago tí táyà rẹ̀ kọ́kọ́ yí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ní aago Z àti ní aago tiwa, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba wẹ́jì padà sínú àpótí kí bàálù mìíràn tó dé.